Ẹ̀wù Ayẹta Tí Ìyá Báyọ̀dé Fọ̀

Ní Ìgàndó, láyé ìgbà tí ọ̀nà tó lọ sí Ìkòtún ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ lójò, eruku lẹ́ẹ̀rùn, bí ẹ bá rí sùtánà tó funfun débi tó fi ń kọ mànà, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó fọ̀ ọ́. Mojísọ́lá ni, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Báyọ̀dé. Ìjọ aláṣọ funfun kan wà nítòsí ilé rẹ̀, òun ló sì ń fọ aṣọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn tí bàbá ọmọ ti kú.

Kò sí àbàwọ́n tí kò lè bá jà: epo pupa, ìpẹtà, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀jẹ̀. Bó bá jókòó nínú ìjọ tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ní àbàwọ́n kékeré kan léjìká, ìwàásù ò ní wọ̀ ọ́ létí mọ́. Yóò na ọwọ́, yóò fi ìka kan tọ́ onítọ̀hún léjìká pé, "Sister, ẹ gbé e wá lọ́la jàre." Àwọn kan ní tirẹ̀ ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn sójú ẹni tó ń bá a fọṣọ?

Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kì í fẹ́ káyé rí. Ọṣẹ àti bílíìṣì ti jẹ ẹ́, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ti sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ń kí àlejò, ó máa ń ká a sínú ìró.

Báyọ̀dé kò fẹ́ fọ aṣọ, iṣẹ́ sójà ló lọ ṣe. Ní ọdún 1992, lákòókò òjò, wọ́n sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ń lọ sí Làìbéríà, àwọn ni yóò lọ rọ́pò àwọn kan lára ọmọ ogun ECOMOG tó ń pẹ̀tù sógun lọ́hùn-ún. Wọ́n fún un láyè kó wá dágbére fún ìyá rẹ̀. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó gbé báàgì kalẹ̀, ó fa ẹ̀wù kan yọ nínú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, ó nípọn, ó sì wúwo. Ẹ̀wù ayẹta ni, èyí tí òyìnbó ṣe, kì í ṣe ti oníṣègùn.

"Màámi, ẹ bá mi rán okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí, ó ti já," ó wí. "Èmi àti Julius ọ̀rẹ́ mi la jọ ní in."

"Ẹ jọ ní in báwo? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kó sínú ẹ̀wù kan ni?"

Báyọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ẹni tó bá ń ṣọ́nà ló máa wọ̀ ọ́. Bí mo bá ṣe tán, Julius á gbà á. Ẹ ṣáà má ṣe nǹkan kan mìíràn sí i, Màámi. Okùn yẹn nìkan."

Ó mọ ìyá rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kìlọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ó sì sùn síbẹ̀.

Bí Mojísọ́lá ṣe yí ẹ̀wù náà padà láti wá ibi tí yóò ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ló rí i. Nínú lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan àyà, àbàwọ́n kan tẹ́ rẹrẹ. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú. Ẹni tó bá ti fọ aṣọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti aṣọ ẹni tí ọkọ̀ gbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó jẹ́ fún òun. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ti wọ ẹ̀wù yìí rí, kò sì bọ́ ọ sílẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ìyá wo ni yóò jókòó máa wò kí ọmọ òun fi ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni sáyà lọ sójú ogun? Ó tú ẹnu ẹ̀wù náà, ó fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Kì í ṣe irin gẹ́gẹ́ bó ṣe rò. Aṣọ ni, ìpele lórí ìpele, ó pupa rúsúrúsú bí àgbàdo gbígbẹ, àbàwọ́n náà sì ti wọnú rẹ̀ lọ. Ó bu omi sínú báàfù, ó da bílíìṣì sí i láìṣahun, ó rì í sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi búrọ́ọ̀ṣì bò ó, ó ń gbo ó, ó ń gbàdúrà, ó tún ń gbo ó. Ó fi omi tí wọ́n ti gbàdúrà sí nínú ìjọ ṣan án gbẹ̀yìn. Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, ó bẹ Ọlọ́run pé kó ṣáà jẹ́ kí oòrùn yọ. Oòrùn sì yọ. Ó mú ganrínganrín títí di ìrọ̀lẹ́. Mojísọ́lá kọrin ọpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tó sá a sí.

Nígbà tí Báyọ̀dé fi máa dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti rán gbogbo rẹ̀ padà, okùn ẹ̀gbẹ́ náà sì le dan-in dan-in. Báyọ̀dé gbé ẹ̀wù náà símú.

"Màámi, ó ń ta sánsán ọṣẹ o! Ẹ ti sọ ọ́ di sùtánà!"

"Ṣáà máa wọ̀ ọ́ lọ, ọmọ mi. Ara rẹ ti mọ́."

Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ó sọ sí i létí pé ọ̀la, ọjọ́ Ìsinmi, lọ́wọ́ ọ̀sán, ni ọkọ̀ ojú omi àwọn máa ṣí ní Àpápá, pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìsìn ṣe parí, Mojísọ́lá ń bọ̀ wá sílé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, láìwọ bàtà, nítorí ẹni tó bá wọ sùtánà nínú ìjọ wọn kì í wọ bàtà. Àyà rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Bàbá Olúsànyà jókòó lójúde, ó ń jẹ ìrẹsì. Sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ó ja ogun abẹ́lé nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀wù ayẹta, akoto irin àti báńdéèjì àwọn sójà sí, ibẹ̀ ló sì wà títí eékún rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀. Mojísọ́lá dúró kí i. Kò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀jẹ̀, ó sọ bí òun ṣe lé e jáde.

Bàbá Olúsànyà kò gbé ṣíbí tó kù dé ẹnu mọ́. "Ẹ ní kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Bílíìṣì ni, Bàbá."

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fọ òun náà?"

"Òun gan-an ni mo fọ̀. Mo sì sá a sóòrùn gbangba."

"Ìyá Báyọ̀dé, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Kí ló dé? Ẹ sọ ọ́."

Bàbá náà gbé abọ́ sílẹ̀. "Òwú ló wà nínú ẹ̀wù yẹn, òwú òyìnbó. Bí àfọ́kù bọ́ǹbù bá bà á, ìpele òwú yẹn ló máa ń dì í mú títí agbára rẹ̀ á fi tán. Kò sí ohun tó kórìíra tó bílíìṣì. Oòrùn pàápàá ń jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wò ó lójú, kò ní sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ bí nǹkan bá bà á báyìí, àkísà lásán ló lè jẹ́."

Mojísọ́lá kò sunkún. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Mo ti pa ọmọ mi," ló wí. Gbogbo ọdún tó ti ń fọṣọ, kò sí ẹni tó lè ní ó ba aṣọ òun jẹ́ rí. Èyí tó wá bà jẹ́ yìí ló bo àyà ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ò tíì pa ẹnikẹ́ni," Bàbá Olúsànyà wí, ohùn rẹ̀ sì le. "Ìgbà wo ni ọkọ̀ wọn ń ṣí?"

"Òní ni. Lọ́wọ́ ọ̀sán."

Bàbá náà dìde, ó tiro wọlé, ó sì gbé ṣọ́bìrì kékeré kan jáde, irú èyí tí ọrùn rẹ̀ ń ṣẹ́ po. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ nítorí lílò. "Eékún mi á dá yín dúró lọ́nà ni, mi ò ní tẹ̀ lé yín. Ẹ gbé èyí fún un. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀wù, ì báà jẹ́ tuntun, kọ́ ló kọ́kọ́ ń gba sójà là. Ilẹ̀ ni. Ibi tó bá dúró sí, kó gbẹ́ kòtò kó tó jẹun. Kí wọ́n má ṣù jọ sójú kan. Kí akoto má kúrò lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọgbẹ́, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ di ojú ọgbẹ́ pinpin kí wọ́n tó máa pariwo. Sójà tó bá gbọ́kàn lé ẹ̀wù kì í gbẹ́lẹ̀, Ìyá Báyọ̀dé, ìyẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀wù tó bàjẹ́ tí ènìyàn mọ̀ pé ó bàjẹ́ sàn ju èyí tí kò mọ̀ lọ."

Mojísọ́lá já ṣọ́bìrì gbà, kò ráyè wọ bàtà, kò sì ráyè pààrọ̀ aṣọ.

Nínú mólùè tó gbé e kúrò ní Ìkòtún, wọ́n yàgò fún un. Ta ló fẹ́ fara kan obìnrin aláṣọ funfun tó gbé ṣọ́bìrì dání láìwọ bàtà? Ẹnì kan tilẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Ní ọjọ́ mìíràn, yóò ti rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, èrò kan ṣoṣo ló ń jà gùdù lọ́kàn rẹ̀: kí ni òun fẹ́ sọ?

Èṣù ò ṣàì rí ibi jókòó sí nínú ọkọ̀ náà. Ó ń sọ sí i létí pé, "Ìwọ náà, sùtánà ṣáà wà lọ́rùn rẹ. Sọ pé o ríran. Sọ pé ẹ̀mí ní kí Báyọ̀dé má wọ ẹ̀wù yẹn. Ta ló máa jiyàn? Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ìwọ lo bà á jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Nígbà tó fi máa wọ ọkọ̀ kejì ní Ọ̀ṣòdì, ó ti to ìran náà pọ̀ tán lọ́kàn, títí dé orí àwọ̀ aṣọ tí áńgẹ́lì wọ̀.

Ní Àpápá, àwọn ìyá, ìyàwó àti àfẹ́sọ́nà ti kún ẹnu géètì wọ́ọ̀fù. Ọkọ̀ àwọn sójà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọkùnrin ń bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Sójà tó ń ṣọ́ géètì na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Màmá, ẹ gbàdúrà fún wa látibẹ̀ yẹn. Ẹ má wọlé."

"Kì í ṣe àdúrà ni mo gbé wá," Mojísọ́lá wí.

Sójà náà wo ṣọ́bìrì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti dọ̀tí, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbi tí òkúta ti gé e. Ojú rẹ̀ yí padà. "Àbí ẹ ríran ni?"

Ilẹ̀kùn tó ń wá ló ṣí sílẹ̀ gbayawu yẹn. Ó la ẹnu. Ìgbà náà ló rí wọn lẹ́yìn wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà, Báyọ̀dé pẹ̀lú báàgì léjìká, Julius lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi nǹkan kan rẹ́rìn-ín. Julius ló wọ ẹ̀wù ayẹta náà.

Julius, tó ti jẹun nílé rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ìyá tirẹ̀ wà ní Àgbàdo, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òní ni ọmọ òun ń lọ. Bí Mojísọ́lá bá ríran irọ́ fún Báyọ̀dé, Báyọ̀dé á bọ́ ẹ̀wù fún Julius pátápátá, Julius á sì wọ̀ ọ́ lọ bá ikú pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ojú ń ti Mojísọ́lá, ẹ̀rù ń bà á, ó sì mọ̀ pé òun ò ní lè gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sọ́rùn.

"Mi ò ríran," ó wí fún sójà náà. "Aṣọ ni mo fọ̀. Jọ̀ọ́, pe àwọn méjì yẹn fún mi."

Bóyá ohùn rẹ̀ ló ṣe é, bóyá ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn ni. Sójà náà yíjú padà, ó súfèé. Báyọ̀dé àti Julius sáré wá síbi wáyà.

"Màámi! Kí lẹ wá ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyá náà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tòun ti sùtánà. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ.

"Ẹ dìde! Màámi, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!"

"Mo fọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Báyọ̀dé. O ní okùn nìkan. Mo rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo sì fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Bàbá Olúsànyà ní mo ti bà á jẹ́. Julius, ọmọ mi, má gbọ́kàn lé e. Àkísà ni mo fi bo yín láyà."

Julius fọwọ́ kan àyà ẹ̀wù náà, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tí kò lò fún ìyá rẹ̀ rí ni Báyọ̀dé lò.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́? Mo kìlọ̀ fún yín! Ibo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn báyìí? Wọ́n ń pe orúkọ wa lọ́wọ́! Ẹ ò lè fi àbàwọ́n kan ṣoṣo sílẹ̀ láyé yín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un dé egungun, nítorí òótọ́ ni. Kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ti ṣọ́bìrì bọ abẹ́ wáyà, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá Olúsànyà sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ: ilẹ̀ ṣáájú oúnjẹ, kí wọ́n má ṣù jọ, akoto lórí, kí wọ́n di ọgbẹ́ pinpin. Ó ń sọ ọ́, ó ń tún un sọ, bí ọmọ iléèwé tó ń bẹ̀rù kó má gbàgbé. Fèrè ọkọ̀ dún. Julius ló bẹ̀rẹ̀ tó gbé ṣọ́bìrì náà. Báyọ̀dé yí ẹ̀yìn padà, kò sì juwọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ, pẹ̀lú ìbínú, láìdágbére.

Láti ọjọ́ náà, Mojísọ́lá kò lè fọwọ́ kan bílíìṣì mọ́. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí àyà rẹ̀ máa já. Omi àti ọṣẹ nìkan ló fi ń fọ sùtánà, sùtánà ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ìjọ ráhùn, ó ń fọ tirẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìjà ti le gan-an ní Mọ̀nróvíà, olú ìlú Làìbéríà, pé bọ́ǹbù ń rọ̀. Òun àti Bàbá Olúsànyà á jókòó ti rédíò náà láàárọ̀. Bí mọ́tò àwọn sójà bá yà gba ìgboro Ìgàndó, ó máa ń sápamọ́ sẹ́yìnkùlé, kí ẹni tó bá ń mú ìròyìn bọ̀ má baà bá a nílé. Ó rù, débi pé aṣọ tirẹ̀ gan-an ń já bọ́ lára rẹ̀.

Ọdún tuntun ti wọlé, ọyẹ́ ti ń káńgun, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń sá aṣọ lọ́wọ́, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò yíjú padà. Ó di okùn aṣọ mú.

"Màámi."

Ó rù, ó dúdú, ó sì ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Báyọ̀dé ni. Ìyá náà fọwọ́ wá a lórí, ní èjìká, ní àyà, bí ẹni tó ń wá àbàwọ́n lára aṣọ. Kò rí nǹkan kan. Ìgbà náà ló wá sunkún, ó sì sun ún dáadáa.

Lẹ́yìn tó jẹun tán, Báyọ̀dé ròyìn ohun tójú wọn rí. Wọ́n ti fi òun àti Julius ṣe yẹ̀yẹ́ títí, Òkété ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè wọ́n, nítorí ibi tí wọ́n bá dé, àwọn méjèèjì á ti máa gbẹ́lẹ̀ kí àwọn yòókù tó tú ẹrù. Ẹ̀rù ẹ̀wù yẹn ló ń lé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yàgò fún mi. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún ènìyàn méjì gba ènìyàn márùn-ún. Julius kò fi etí òsì gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ẹnì kan ń sáré bọ̀, kò dé kòtò náà. Báyọ̀dé kò dárúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì bi í.

"Ẹ̀wù yẹn ńkọ́?"

"Etí kòtò la gbé e kọ́ sí. Nígbà tá a jáde, irin kan ti gba iwájú rẹ̀ wọlé, ó sì ti gba ẹ̀yìn jáde."

Mojísọ́lá di orí mú. Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dú. Ó nawọ́ gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú láti dúpẹ́. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ náà síta. Ó ti le gbandi, ó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ojú ìléròrò tó ti jinná kún inú rẹ̀. Ó dà bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Ta ló sọ ọwọ́ rẹ dà báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi," Báyọ̀dé wí. Ó fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ kejì yọ nínú ìró tó ká a sí, ó gbé e lé ara tirẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, fún bí mo ṣe lọ lọ́jọ́ yẹn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mojísọ́lá gbé báàfù jáde láti fọ ẹrù tí ọmọ rẹ̀ kó bọ̀. Kò ki ọwọ́ bọ omi. Ó na síńgílẹ́ẹ̀tì kan sókè, ó wo inú rẹ̀, ó wo ìta rẹ̀, ó sì kígbe sí Báyọ̀dé nínú ilé.

"Èyí ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́?"